Ta Ni Ó Sáré Náà: Ẹsẹ̀ Tàbí Bàtà?

Nínú ìtàn kan tí àwọn babaláwo máa ń sọ, gbogbo Orí pé jọ, wọ́n gbìmọ̀ ohun tí wọn yóò ṣe, ṣùgbọ́n wọn kò pe Ẹsẹ̀ sí ìmọ̀ràn náà. Ìgbà tí ó sì di pé kí wọ́n mú ìpinnu wọn ṣẹ, kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó lè gbéra ńlẹ̀, àfi ìgbà tí wọ́n ránṣẹ́ lọ bẹ Ẹsẹ̀ pé kí ó wá bá wọn lọ. Ohun tí àwọn àgbà fi ń kọ́ wa ni pé bí orí ènìyàn tilẹ̀ yan ire wá láti òde ọ̀run, bí kò bá fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tọ ọ̀nà, tí kò sì ṣe làálàá, ibi tí ire náà wà ni yóò wà. Mo ti gbọ́ àríyànjiyàn àwọn ọ̀dọ́ tí ń sáré ọ̀nà jíjìn láyé òde òní, n kò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ orí, n kò sì gbọ́ kí wọ́n dárúkọ ẹsẹ̀. Bàtà ni gbogbo wọn ń pè. Bẹ́ẹ̀ bàtà kò sí nínú ìtàn náà rárá. Kí wá ni ìpín tirẹ̀ nínú ògo ẹni tí ó borí?

Bí a bá perí akọni, à á fi idà lalẹ̀. Abebe Bikila, ọmọ Etiópíà, ẹ̀ṣọ́ Ọba Haile Selassie, ọkùnrin tí òkúta Róòmù kò lè dá dúró! Ní ìdíje Òlíńpíìkì oṣù kẹsàn-án ọdún 1960, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, tí àwọn ọmọ ogun sì dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n gbé ògùṣọ̀ lọ́wọ́, ó fi ẹsẹ̀ lásán sáré kìlómítà 42 àti díẹ̀, ó gba ẹ̀bá òpó òkúta Aksum kọjá, èyí tí àwọn ará Ítálì kó láti ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ní 1937, ó sì dé abẹ́ ẹnubodè Constantine ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 15 àti ìṣẹ́jú àáyá 16, èyí tí ẹnìkan kò tíì sá rí kí ó tó di ọjọ́ náà. Láti ìgbà náà ni àwọn kan ti ń wí pé ẹsẹ̀ lásán ni òtítọ́, pé ẹ̀tàn ni bàtà. Ṣùgbọ́n ní Tókíyò, ní 1964, nígbà tí kò tíì pé oṣù méjì tí àwọn oníṣègùn la inú rẹ̀, ọkùnrin yìí kan náà wọ bàtà, ó sì borí lẹ́ẹ̀kejì ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 12 àti ìṣẹ́jú àáyá 11. Ta ni ó sọ pé ògo Tókíyò kéré sí ti Róòmù? A sì gbọ́ pé ohun tí ó mú un bọ́ bàtà sílẹ̀ ní Róòmù kò ju pé èyí tí ó rí kò bá ẹsẹ̀ rẹ̀ mu, ẹsẹ̀ lásán sì ti mọ́ ọn lára. Kì í ṣe ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ ni ó ń wàásù. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó fetí sí.

Ìfetísílẹ̀ yìí gan-an ni mo rò pé ó jẹ́ gbòǹgbò ọ̀rọ̀ yíyan bàtà. Ẹni tí ó bá fẹ́ rà á, ìrọ̀lẹ́ ni kí ó lọ, nígbà tí ìrìn ọjọ́ náà ti mú ẹsẹ̀ wú díẹ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ náà ni yóò ṣe wú nínú eré gígùn; kí ó wọ tọ̀tún tòsì, kí ó dìde dúró, kí ó sì fi àtàǹpàkò ọwọ́ tẹ iwájú bàtà wò bóyá àyè tí ó tó fífẹ̀ rẹ̀ wà láàrin ìka ẹsẹ̀ tí ó gùn jù àti ògiri bàtà. Bàtà ojoojúmọ́, tí a fi ń dánra wò, wúwo díẹ̀, rọ́bà abẹ́ rẹ̀ nípọn, yóò sì gba nǹkan bí kìlómítà 500 sí 800 kí ó tó kú. Ti ìdíje fúyẹ́ bí ìyẹ́, fóòmù rẹ̀ ń ta ẹsẹ̀ padà, pẹlẹbẹ kábọ́ọ̀nù líle sì wà láàrin rẹ̀. Èyí tí Tigist Assefa, obìnrin ọmọ Etiópíà, wọ̀ ní Berlin ní 2023, tí ó fi sáré ní wákàtí 2, ìṣẹ́jú 11 àti ìṣẹ́jú àáyá 53, ẹsẹ̀ kan rẹ̀ kò ju nǹkan bí gírámù 138 lọ, dọ́là 500 ni wọ́n tà á nígbà náà, àwọn tí ó ṣe é sì sọ pé eré ìje kan ni àwọn ṣe é fún.

Ojú mi kò fi bẹ́ẹ̀ tàn sí irú bàtà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí yóò jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké, bàtà ojoojúmọ́ sì ni àáké náà: òun ni ó wà níbẹ̀ nígbà tí àkùkọ kò tíì kọ, tí ara ń wí pé kí a padà sùn, tí ẹnìkan kò sì pàtẹ́wọ́.

Síbẹ̀, n kò gbà pẹ̀lú ẹni tí ó bá ní ó yẹ kí ojú tì wá láti gba ìrànlọ́wọ́. Bikila pàápàá kò dá a ṣe: Onni Niskanen, ará Sweden, ni ó kọ́ ọ. Àgbájọ ọwọ́ ni. Ohun tí ó ń dà mí láàmú ni ìdájọ́ òdodo, nítorí bàtà ìdíje tuntun wọ̀nyí kì í ran gbogbo ara lọ́wọ́ bákan náà: wọ́n ń fún ẹnìkan ní púpọ̀, wọ́n ń fún ẹlòmíràn ní díẹ̀. Ẹnìkan lè bi mí pé, ṣé orí kò ṣe bẹ́ẹ̀ ni? Ṣé ẹni tí a bí sórí òkè Kẹ́ńyà àti ẹni tí a bí sétí ọ̀sà jọ gba ẹ̀dọ̀fóró kan náà ni? Ìbéèrè náà le, n kò sì lè fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú un. Ìdáhùn mi ni pé ohun tí orí fún ni kò ṣeé bọ́ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ara ẹni náà ni. Ṣùgbọ́n ohun tí a fi owó rà lè wọ ẹsẹ̀ ẹlòmíràn lọ́la. Nítorí náà ni mo fi gbà pé ó tọ́ nígbà tí àjọ eré ìdárayá àgbáyé pa á láṣẹ ní 2020 pé àtẹ́lẹ̀ bàtà ìdíje ojú títì kò gbọdọ̀ ga ju mìlímítà 40 lọ, pẹlẹbẹ inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ẹyọ kan.

Ọ̀dọ́ tí ó bá ń múra sílẹ̀ fún eré ìje ọ̀nà jíjìn ti Èkó, tí ó ti ń wáyé láti 2016, kí ó kọ́kọ́ fi owó rẹ̀ ra bàtà ojoojúmọ́ tí ó dára, kí ó lò ó láìṣẹ̀tàn fún oṣù púpọ̀. Bí owó bá ṣẹ́ kù, kí ó ra ti ìdíje, kí ó sì fi sáré gígùn bí ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí ọjọ́ náà tó pé, kí bàtà tuntun má baà bó o lẹ́sẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí owó kò bá ṣẹ́ kù, kí ó wọ ti àtijọ́ lọ, kí ó sì sáré.