Ta Ni Yóò Jíhìn fún Ohùn Olórin?

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ máa ń jiyàn lé lórí: bí olórin tàbí òṣèré bá ta ohùn àti ìrísí rẹ̀ fún olówó, tí olówó náà sì fi wọ́n ṣe ohun tí kò tọ́, ta ni yóò jíhìn? Àwọn kan ní olórin dà bí ìlù. Ohun tí kòǹgọ́ bá lù ni ìlù ń sọ, onílù ni kí á bi. Àwọn mìíràn ní ẹnu ẹni ni ẹnu ẹni, a kì í fi yá ẹlòmíràn kí á tún máa ráhùn. Kí ọ̀rọ̀ náà má baà jẹ́ àfẹnusọ lásán, mo fẹ́ gbé e ka orí ìgbésí ayé ọkùnrin kan, Paul Robeson, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà.

Ní 1898 ni a bí i ní ìlú Princeton. Ẹrú ni bàbá rẹ̀ rí. Ní 1860 ló sá kúrò lóko ẹrú, ó sì di oníwàásù. Robeson gba ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ wọ Rutgers ní 1915, ó gba oyè òfin ní Columbia ní 1923, ṣùgbọ́n orin àti eré ni ayé fi mọ̀ ọ́n. Nígbà tó ṣe Othello ní New York ní 1943, ìgbà 296 ni wọ́n ṣe eré náà kí ó tó parí.

Ọ̀rọ̀ tiwa bẹ̀rẹ̀ láti inú sinimá kan tó jáde ní 1935, Sanders of the River. Nàìjíríà tiwa yìí ni wọ́n gbé ìtàn rẹ̀ kà. Ajẹ́lẹ̀ Òyìnbó ni akọni ibẹ̀. Robeson ṣe Bosambo, ìjòyè tó ń fi gbogbo ara sin ajẹ́lẹ̀ náà. Ó gbà láti ṣe é nítorí ó rò pé orin, ijó àti iyì ilẹ̀ Áfíríkà ni ayé yóò rí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n to sinimá náà pọ̀ tán, ìyìn fún ìjọba amúnisìn ló dà. Ohun tó jẹ́ kí ó dunni ni pé Robeson yìí kan náà ni WASU, ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí Ládìpọ̀ Ṣólańkẹ́ wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925, fi ṣe bàbá ìsàlẹ̀ wọn. Àwọn àgbà ní bí a bá ta ará ilé ẹni ní ọ̀pọ̀, a kò ní rí i rà ní ọ̀wọ́n.

Ṣé ó jẹ̀bi? Lójú tèmi, ẹ̀bi tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹni tí kò mọ ibi tí ọjà rẹ̀ ń lọ kò dọ́gba pẹ̀lú ẹni tó mọ̀. Ohun tó ṣe lẹ́yìn tó mọ̀ ni mo fẹ́ wò. Kò sọ pé ìlù ni òun. Ó kọ sinimá náà sílẹ̀ ní gbangba. Ní 1942, lẹ́yìn Tales of Manhattan, ó fi sinimá sílẹ̀ pátápátá, nítorí ipò ẹ̀gàn ni wọ́n ń fún aláwọ̀ dúdú níbẹ̀. Nígbà tó ń sọ̀rọ̀ nípa ìyà tó ń jẹ àwọn ènìyàn rẹ̀ láì gba owó ẹ̀yìn, ìjọba Amẹ́ríkà gba ìwé ìrìnnà rẹ̀ ní 1950, kò sì rí i gbà padà títí di 1958. Àwọn gbọ̀ngàn orin ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ní 1957, orí tẹlifóònù ló ti kọrin sí àwọn awakùsà èédú ní Wales, nítorí kò lè kọjá òkun lọ bá wọn. Ọ̀wọ́n ló fi ń ra ará ilé rẹ̀ padà.

Bí mo bá dúró síbẹ̀, ẹ ó pàtẹ́wọ́, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tí a fi wọn nǹkan láàárọ̀ ni a gbọ́dọ̀ fi wọ̀n ọ́n lálẹ́. Ní 1949, Robeson lọ sí Moscow. Ó béèrè fún Itzik Feffer, akéwì Júù tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀. Inú túbú ni wọ́n ti mú Feffer wá bá a. Lẹ́yìn ikú Robeson, ọmọ rẹ̀ sọ pé Feffer fi àmì ọwọ́ yé e pé ewu ń bẹ. Ní alẹ́ eré rẹ̀ níbẹ̀, Robeson fi èdè àwọn Júù kọ orin àwọn tó jà ní Warsaw, ìgboyà nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tó padà sí Amẹ́ríkà, ó ní òun kò rí inúnibíni kankan sí àwọn Júù ní Rọ́ṣíà. Ní oṣù kẹjọ 1952, wọ́n pa Feffer. Ní ọdún kan náà, wọ́n fi ẹ̀bùn tí wọ́n fi orúkọ Stalin pè dá Robeson lọ́lá.

Ẹnìkan lè sọ pé bí ó bá sọ̀rọ̀, ohun ìjà ni ì bá fi lé àwọn ọ̀tá aláwọ̀ dúdú lọ́wọ́. Òótọ́ ni, mi ò sì fi ojú kékeré wo ìdí yẹn. Ṣùgbọ́n ìdí kì í ṣe ìdáláre. Ẹni tó kọ̀ láti jẹ́ ìlù fún ajẹ́lẹ̀ kò yẹ kí ó jẹ́ ìlù fún ẹlòmíràn, nítorí pé ẹlòmíràn náà bá a ṣe ọ̀rẹ́ nígbà tí ilé lé e jáde. Bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.

Nítorí náà, èsì tèmi rèé. Olórin kì í ṣe ìlù. A kò gbọdọ̀ dá a lẹ́bi fún ohun tí wọ́n fi ohùn rẹ̀ ṣe kí ó tó mọ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tó ti mọ̀, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ di ọ̀kan lára orin rẹ̀. Robeson kú ní 1976. Àwọn kan fẹ́ sọ ọ́ di òrìṣà, àwọn kan fẹ́ sọ ọ́ lókùúta. Èmi ò bá wọn ṣe èyíkéyìí nínú méjèèjì. Mo bu ọlá fún un nítorí ohun tó san fún òtítọ́ ní ilé rẹ̀. Mo sì dárò òtítọ́ tí kò sọ nípa ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àwa tí a ń kọ́ ìwé lónìí, tí àwọn ènìyàn yóò máa fetí sí lọ́la, irú ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ń bọ̀ wá bá wa, ti ẹ̀yìn ló sì le jù.