Ewé Ìwé Òòjọ́

Ibi kíkà: Nehemáyà 8:1-8, Deutarónómì 6:4-9



Ìbéèrè kan ni a fẹ́ gbé ka iwájú yín. Nígbà tí a bá túmọ̀ Bíbélì tán, tí a tẹ̀ ẹ́, tí ó sì dé ilé onígbàgbọ́, ǹjẹ́ iṣẹ́ ti parí bí? Ìwé Nehemáyà jẹ́ kí a mọ̀ pé kò tíì parí. Nígbà tí àwọn ọmọ Ísírẹ́lì ti ìgbèkùn dé, Ẹ́sírà gbé ìwé òfin jáde, àwọn ọmọ Léfì sì ń ṣàlàyé rẹ̀ bí a ti ń kà á. Kíkà wà níbẹ̀, àlàyé wà níbẹ̀, àwọn ènìyàn sì péjọ. Bí a bá yọ ọ̀kan kúrò nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ìwé yóò kàn wà nílé lásán ni, eruku yóò sì bò ó.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí a pe àgbà ní wèrè. Ẹ jẹ́ kí a wo bí àwọn Júù ti ìgbà tiwa ṣe di ohun mẹ́ta wọ̀nyí mú. Talmud ni orúkọ àkójọ ẹ̀kọ́ àwọn baba wọn. Rábì Judah ni ó kó apá kìn-ín-ní, Mishnah, jọ ní èdè Hébérù, ní nǹkan bí ọdún 200 lẹ́yìn ìbí Olúwa wa. Apá kejì ni Gemara, èyí tí í ṣe àlàyé àti àríyànjiyàn lórí Mishnah. Èdè Árámáíkì ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Àwa Kristẹni kò kà á mọ́ Ìwé Mímọ́, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ́ ọ yẹ ní àfiyèsí wa.

Ní ọdún 1923, àwọn Júù ṣe àpéjọ ńlá kan ní ìlú Vienna. Níbẹ̀ ni Meir Shapiro, ẹni ọdún 36, tí ó ń ṣe rábì ní Pólándì, ti dá àbá kan: kí gbogbo Júù, níbikíbi tí wọ́n bá wà, máa kọ́ ewé Talmud kan lójúmọ́, kí ó sì jẹ́ ewé kan náà fún gbogbo wọn. Wọ́n gbà fún un. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, ní ọjọ́ ọdún tuntun àwọn Júù, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Daf Yomi ni wọ́n ń pè é, èyí tí a lè pè ní ewé òòjọ́. Ewé tí wọ́n ń kà báyìí jẹ́ 2,711. Ọdún méje àti ààbọ̀ ni wọ́n fi ń kà á tán. Ẹlòmíràn ń kà á ní ìdájí kí ó tó lọ síbi iṣẹ́, ẹlòmíràn nínú ọkọ̀ ojú irin. Arìnrìn-àjò tí ó bá wọ ìlú àjèjì yóò bá àwọn ará rẹ̀ lójú ewé tí òun náà wà.

Báwo ni ènìyàn tí ó wà ní Amẹ́ríkà àti ẹni tí ó wà ní Jerúsálẹ́mù ṣe lè ṣí ojú ewé kan náà? Ọwọ́ Kristẹni kan ni ó ti wá. Daniel Bomberg, ọmọ ìlú Antwerp, ni ó kọ́kọ́ tẹ Talmud ti Bábílónì lódindi, ní ìlú Venice, láàrin ọdún 1519 sí 1523. Bí ó ṣe pín ewé rẹ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé títí di òní. Kí a sì rántí pé ní Paris, ní nǹkan bí ọdún 1242, àwọn Kristẹni ti dáná sun kẹ̀kẹ́ ẹrù 24 tí ó kún fún Talmud. Wọ́n tún sun ún ní Róòmù ní 1553. Ọwọ́ Kristẹni dáná sun ìwé náà, ọwọ́ Kristẹni sì tẹ̀ ẹ́. Kí àwa tí iṣẹ́ wa jẹ mọ́ ìwé yan èyí tí ọwọ́ wa yóò jẹ́.

Ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní ni ti ìwọ̀n. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni a ń yọ ẹsẹ̀ lábàtà. Ìwé Róòmù tí Ajayi Crowther túmọ̀ jáde ní 1850. Ọdún 1884 ni odindi Bíbélì Yorùbá tó jáde. Ọdún 34 ni èyí. Ohun tí a fi sùúrù kọ lẹ́sẹẹsẹ, a kò lè fi ìwàǹwára kà á. Àwọn ọ̀mọ̀wé Júù kan tilẹ̀ ti sọ pé ewé kan lójúmọ́ yá jù fún ìjìnlẹ̀ Talmud, òótọ́ sì wà nínú ọ̀rọ̀ wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń jẹun díẹ̀ lójoojúmọ́ sàn ju ẹni tí ó ń retí àsè lọ. Olúwa wa kọ́ wa láti tọrọ oúnjẹ òòjọ́. Kò kọ́ wa láti tọrọ ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan.

Ẹ̀kọ́ kejì ni ti àlàyé àti ẹgbẹ́. Ní ẹ̀gbẹ́ ewé Talmud ni àlàyé Rashi wà, ọmọ ìlú Troyes ní ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó kú ní 1105. Bí ọ̀rọ̀ kan bá le, Rashi a máa kọ ọ̀rọ̀ Faransé ti ìgbà ayé rẹ̀ sí i, ní lẹ́tà Hébérù, kí ó lè yé àwọn ará ilé rẹ̀. Kò rò pé èdè ìyá ń tàbùkù èdè mímọ́. Méjì méjì ni wọ́n sì fẹ́ràn láti máa kẹ́kọ̀ọ́: ọ̀kan ń kà, èkejì ń bi í léèrè. Bí ìbéèrè kan bá sì pin wọ́n lẹ́mìí, Gemara a fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀, teyku, pé kí ó dúró bẹ́ẹ̀. Àwa atúmọ̀ mọ ìwúlò èyí, nítorí a ń fi àkíyèsí sí ìsàlẹ̀ ewé níbi tí ìtumọ̀ Hébérù kò bá dájú. Kò yẹ kí ó ti òjíṣẹ́ Ọlọ́run lójú láti ṣe bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọ.

Iná kò jó wọn rí bí ti ogun. Ìyípo kẹta bẹ̀rẹ̀ ní 1938, ó sì parí ní 1945. Láàrin ọdún wọ̀nyí ni ìjọba Násì ti ti ilé-ẹ̀kọ́ tí Shapiro dá sílẹ̀ ní Lublin pa, tí wọ́n sì pa nǹkan bí 3,000,000 Júù Pólándì. Shapiro fúnra rẹ̀ ti kú ní 1933, ní ẹni ọdún 46, kò sì bí ọmọ. Síbẹ̀ ewé òòjọ́ kò dúró. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2020, nǹkan bí 90,000 ènìyàn péjọ sí pápá ìṣeré kan ní New Jersey láti ṣe àjọyọ̀ ìparí ìyípo kẹtàlá. Ní oṣù kan náà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ṣe tiwọn ní Jerúsálẹ́mù. Ní ọjọ́ 5 oṣù náà, wọ́n tún ṣí ewé àkọ́kọ́.

Ojú ewé àkọ́kọ́ yìí gan-an ni ẹ̀kọ́ kẹta wà. Ìbéèrè tí ó bẹ̀rẹ̀ Talmud ni ti àkókò tí a lè ka Shema, ìjẹ́wọ́ inú Deutarónómì 6:4, ní alẹ́. Àwọn àgbà ní kò gbọdọ̀ kọjá ọ̀gànjọ́. Rábì Gamaliel, ọmọ-ọmọ Gamaliel tí ó kọ́ Pọ́ọ̀lù, ní ó di ìgbà tí ojúmọ́ bá mọ́. Ní ọjọ́ kan, àwọn ọmọ rẹ̀ ti òde àsè dé, ilẹ̀ ti ṣú púpọ̀, wọ́n sì sọ fún un pé àwọn kò tíì kà á. Baba dá wọn lóhùn pé bí ojúmọ́ kò bá tíì mọ́, gbèsè kíkà náà ṣì wà lọ́rùn wọn.

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀lọpọ̀ nínú ìjọ wa ni ó bẹ̀rẹ̀ Jẹ́nẹ́sísì ní ọdún tuntun, tí ó sì rẹ̀ wọ́n ní Léfítíkù. Ìtìjú ọjọ́ tí wọ́n pàdánù ni kò jẹ́ kí wọ́n padà. Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n ṣí ewé ti òní. Kí olúkúlùkù yan ìwọ̀n tí agbára rẹ̀ gbé, wákàtí tí yóò máa kà á, àti ẹnìkan tí yóò máa bi í léèrè: ọkọ àti aya, ìyá àti ọmọ, olùṣọ́-àgùntàn àti olùkọ́ ọjọ́ ìsinmi. Bí ẹ bá sì kàn ọ̀rọ̀ tí kò yé yín nínú ìtumọ̀ wa, ẹ kọ̀wé sí wa. Inú wa yóò dùn, nítorí a ó mọ̀ pé ẹ ń kà á.

Kí Ẹ̀mí Mímọ́ tí ó mí sí Ọ̀rọ̀ náà ṣí i payá fún wa lójoojúmọ́. Àmín.