Ta Ni Ó Jẹ̀bi Ọkọ̀ Vasa?

Ẹ̀yin ìyá àti arábìnrin wa nínú Olúwa, ní ìlú Stockholm, ní ilẹ̀ Sweden, ilé ńlá kan wà tí wọ́n kọ́ nítorí ọkọ̀ ojú omi kan ṣoṣo. Vasa ni orúkọ rẹ̀. Àwọn àlejò ń wọ ibẹ̀ lọ wo ọkọ̀ onígi náà, tí a gbẹ́ ère sí lára. Ẹwà rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n kò jagun kankan rí.

Ọba Gustav Adolf ni ó ní kí wọ́n kàn án fún ogun, pẹ̀lú ìbọn ńlá 64. Òkè rẹ̀ wúwo jù fún ìsàlẹ̀ rẹ̀. Kí ó tó ṣí, wọ́n ní kí 30 ọkùnrin máa sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì láti dán an wò. Ọkọ̀ náà mì tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀gágun ojú omi, Klas Fleming, fi ní kí wọ́n dáwọ́ dúró. Ọba ń jagun lókèèrè, ó sì ń kánjú. Kò sí ẹni tí ó dá ọkọ̀ náà dúró. Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1628, ó ṣí. Kò rìn ju nǹkan bí 1,300 mítà lọ tí afẹ́fẹ́ fi dà á, omi gba ihò ìbọn wọlé, ó sì rì. Nǹkan bí 30 ènìyàn kú. Obìnrin wà nínú wọn.

Nígbà ìwádìí, olúkúlùkù ní òun kọ́. Àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà ní ohun tí ọba fọwọ́ sí ni àwọn ṣe. Wọn kò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọdún 1961 ni wọ́n tó gbé ọkọ̀ náà jáde.

Ta ni ó jẹ̀bi nígbà náà? Ẹni tí ó wà nípò tí a kò lè sọ òtítọ́ fún ni ẹ̀bi rẹ̀ pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù dín ẹ̀bi àwọn yòókù kù ni, kò pa á rẹ́. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́.

Nínú ẹgbẹ́ wa, a ń rí ọmọbìnrin tí ó fẹ́ wọ ilé ọkọ tí ó ń lù ú láti ìsinsìnyí. A ń rí owó ìjọ tí ìṣírò rẹ̀ kò pé. A dákẹ́. Nígbà tí ó bá bàjẹ́ tán, a ó ní, “Mo kúkú ti mọ̀.” Ẹ̀yin ìyá, gbólóhùn yẹn kì í ṣe ẹ̀rí ọgbọ́n, ẹ̀rí tí ó lòdì sí wa ni. Ẹ́sítérì náà bẹ̀rù ọba, síbẹ̀ ó wọlé tọ̀ ọ́ lọ.

Ẹ̀yin aṣáájú, ǹjẹ́ ẹni tí ó kéré jù láàárín wa lè sọ fún yín pé ọkọ̀ ń mì?

Kí Olúwa fún wa ní ẹnu láti sọ òtítọ́, àti etí láti gbọ́ ọ. Àmín.