Sùúrù Alágbàṣe: Níbo ni Ààlà Rẹ̀ Wà?

Ọ̀rọ̀ kan wọ́pọ̀ lẹ́nu àwọn tí ń gba ènìyàn síṣẹ́, pàápàá bí ẹni tí wọ́n gbà bá jẹ́ alágbàṣe: "Ṣe sùúrù." Iṣẹ́ ẹni mẹ́ta ni wọ́n kó lé e lórí, kí ó ṣe sùúrù. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ń fi ojú ọ̀tá wò ó, kí ó ṣe sùúrù. Mùsùlùmí tí ó bá gbọ́ èyí kì í lè tètè fèsì, nítorí ó mọ̀ pé Ọlọ́hun Ọba pa sùúrù láṣẹ ní ọ̀pọ̀ ibi nínú Al-Kùr'ánì Alápọ̀n-ọ́nlé. Ìbéèrè wa ni pé, ǹjẹ́ ìdákẹ́ tí wọ́n ń bèèrè lọ́wọ́ alágbàṣe yìí ni sùúrù tí ṣẹ̀ríà pa láṣẹ?

Ẹni tí ó bá mọ Odawna ní ìlú Accra, lẹ́bàá odò Odaw àti oríta Kwame Nkrumah, á ti rí àwọn alágbàárù tí wọ́n ń pè ní kayayei. Ọmọbìnrin ni wọ́n, láti ìhà àríwá Gánà ni púpọ̀ nínú wọn ti wá, ọ̀pọ̀ wọn sì jẹ́ Mùsùlùmí. Bí ẹrù bá pọ̀ jù lórí alágbàárù, gbogbo ọjà ni yóò rí i. Ọrùn á máa gbọ̀n, ẹni tí ń kọjá lọ á sì bá a sọ̀ ọ́. Ẹrù alágbàṣe inú ọ́fíìsì kì í hàn síta bẹ́ẹ̀. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Gánà ti ọdún 2003 fi wákàtí 8 lójúmọ́ àti wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ṣe gbèdéke, ó sì ní kí a ka òṣìṣẹ́ onígbà díẹ̀ tí agbanisíṣẹ́ kan náà bá lò fún oṣù 6 láìdáwọ́dúró sí òṣìṣẹ́ pípẹ́. Òfin wà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n lè sọ fún pé kí ó má padà wá lọ́la kì í sábà ka òfin sétí ẹnikẹ́ni.

Àwọn onímọ̀ fíkíhì pín ẹni tí a gbà síṣẹ́ sí ọ̀nà méjì. Ẹni àkọ́kọ́, ajīr khāṣṣ, ta àkókò rẹ̀ fún ẹnì kan. Ẹni kejì, ajīr mushtarak, ta iṣẹ́ kan pàtó, bí aránṣọ, ó sì lè gba ti ẹlòmíràn mọ́ ọn. Nínú méjèèjì, ohun tí a gbà ṣe gbọ́dọ̀ hàn, owó ọ̀yà náà sì gbọ́dọ̀ hàn. Ìyà alágbàṣe òde òní ni pé wọ́n ń lò ó bí ẹni àkọ́kọ́, wọ́n sì ń sanwó fún un bí ẹni kejì. Àkókò rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ mọ́, síbẹ̀ bí àìsàn bá dé, ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ni.

Ẹ wo Ànábì Mūsā (kí ọlà Ọlọ́hun máa bá a) nínú Súratul-Qaṣaṣ. Àgbàlagbà Madyan gbà á síṣẹ́ ọdún 8. Ó ní bí ó bá pé 10, ìfẹ́ inú Mūsā fúnra rẹ̀ ni, òun kò sì fẹ́ ni ín lára. Mūsā náà kò dákẹ́. Ó ní èyíkéyìí tí òun bá parí nínú ìgbà méjèèjì, kí ìkọjá-ààlà kankan má ṣe sí lórí òun. Ọ̀rọ̀ tí ó lò, ‘udwān, bá ọ̀rọ̀ tí Lárúbáwá ń lò fún ọ̀tá jáde láti gbòǹgbò kan náà. Àjèjì ni Mūsā nígbà náà, ìsáǹsá ni, kò ní ilé, kò ní owó, síbẹ̀ ó fi ààlà lélẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ti àwọn ẹlẹgbẹ́ tí ń ṣe ọ̀tá, ìbẹ̀rù oúnjẹ ló sábà ń bí i. Àwọn Yorùbá tí ó ṣòwò ní Gánà mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ọjọ́ 18 oṣù November ọdún 1969, ìjọba Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọjọ́ 14 péré. Àwọn tí a bí sí Accra di ẹrù wọn padà sí ìlú tí wọn kò mọ̀. Ní ọdún 1983, Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà. Wọ́n rò pé àjèjì ni ó ń jẹ oúnjẹ àwọn. Díẹ̀ ni ó bèèrè ẹni tí ń bu oúnjẹ náà. Bẹ́ẹ̀ ni òṣìṣẹ́ pípẹ́ ṣe ń wo alágbàṣe bí ọ̀bẹ olówó pọ́ọ́kú tí a ó fi gé òun dànù. Ìbẹ̀rù rẹ̀ kì í ṣe irọ́ pátápátá, ẹni tí ó dojú rẹ̀ kọ ni kò tọ́. Ẹni tí ó bá mọ èyí lè fi dáadáa san búburú fún un, gẹ́gẹ́ bí Súratu Fuṣṣilat ti pàṣẹ. Níbí yìí ni mo rò pé sùúrù wà ní àyè rẹ̀ gan-an.

Ní ti agbanisíṣẹ́, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ Abū Dharr pé kí a má di ẹrù tí ó ju agbára lọ lé ẹni tí ń sìn wá, bí a bá sì dì í, kí a bá a gbé e. Imām al-Ghazālī, nínú ìwé rẹ̀ Iḥyā’, sì ti jẹ́ kí ó yé wa pé sùúrù fún ìpalára tí ṣẹ̀ríà kọ̀, òun fúnra rẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Ó fi ẹni tí wọ́n ń gé lọ́wọ́ tí ó dákẹ́ ṣe àpẹẹrẹ.

Ẹnì kan lè wí pé, ọmọ mẹ́rin ń dúró de alágbàṣe yìí nílé, báwo ni yóò ṣe sọ̀rọ̀? N kò gbà pé ó dẹ́ṣẹ̀ bí ó bá dákẹ́ nítorí ìbẹ̀rù ebi. Ohun tí n kò lè gbà ni ọ̀nà kẹta tí àwọn ọ̀dọ́ kan ń tọ̀: kí wọ́n máa jí wákàtí padà ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n sì fi hádíìsì Hind, ìyàwó Abū Sufyān, ẹni tí a yọ̀ǹda fún láti mú èyí tí ó tó o nínú owó ọkọ rẹ̀, gbe ara wọn lẹ́sẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtọ́jú ìyàwó àti ọmọ ni ti Hind. Àwọn onímọ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan lórí títẹ̀ ẹ́ síwájú. Kí alágbàṣe wí ní gbangba pé, "Èyí ni mo lè parí lónìí," sàn ju olè wákàtí lọ, ó sì sàn ju ìdákẹ́ náà lọ.

Àwa onímọ̀ kò sì gbọdọ̀ nawọ́ sí ọ́fíìsì nìkan. Mélòó nínú àwọn ùsítáàsì ilé-kéwú wa ni a bá dá iye owó ọ̀yà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀? Wọn á kọ́ ọmọ láàárọ̀, wọn á gbá mọ́sáláṣí lọ́sàn-án, wọn á kírun lálẹ́, bí oṣù bá sì parí, a ó ní lọ́dọ̀ Ọlọ́hun ni ẹ̀san wọn wà.