Ohun Àjogúnbá, Ó Ha Ṣeé Tún Ṣe?

Àwa a máa gbọ́ lẹ́nu àwọn olùkọ́ pé, "Ẹ̀jẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, pàṣán kò lè lé e jáde." Òtítọ́ ni pé ẹni bí ni là ń jọ, àti nínú ìwà pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tí a jogún, ó ha di àìṣeétúnṣe bí?

Ní ọdún 1934, ní ilẹ̀ Norway, ìyá kan mú ọmọ rẹ̀ méjì tí òye wọn kò dàgbà tọ oníṣègùn Asbjørn Følling lọ. Ó kán oògùn sí ìtọ̀ wọn, ìtọ̀ náà sì di àwọ̀ ewé. Láti ara bàbá àti ìyá, tí ara tiwọn le, ni àbùkù náà ti wá: ohun kan tí ó wà nínú ẹran, ẹyin àti wàrà ni ara ọmọ kò lè lò, ó sì ń pọ̀ títí ó fi ba ọpọlọ jẹ́. Ta ni kì bá pè é ní kádàrá?

Síbẹ̀, ní 1953, Horst Bickel àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Birmingham ròyìn ọmọbìnrin kan tí wọ́n yí oúnjẹ rẹ̀ padà, tí ó sì sàn díẹ̀. Lónìí, ọmọ tí a bá tètè fún ní irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn ìbí ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ kàwé, bí àjogúnbá náà tilẹ̀ wà lára rẹ̀.

Àwa pẹ̀lú ti pe ọmọ ní olódo rí, kí a tó bèèrè bí ó jẹun wá sí ilé-ẹ̀kọ́.