Ta Ló Gun Òkè Náà?

Namche Bazaar jẹ́ abúlé kan lórí òkè ní orílẹ̀-èdè Nepal, ní ìwọ̀n mítà 3,440 sókè ju òkun lọ. Àwọn tó fẹ́ fẹsẹ̀ rìn dé ìdí òkè Everest sábà máa ń wọ bàálù dé Lukla, wọ́n á wá rìn fún nǹkan bí ọjọ́ méjì kí wọ́n tó dé Namche. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sinmi kí ara wọn lè mọ́ afẹ́fẹ́ òkè. Ẹni tó bá kánjú, orí fífọ́ àti èébì lè dá a padà.

Kò sí ọ̀nà ọkọ̀ tó dé abúlé yìí. Báwo wá ni ìrẹsì, gáàsì ìdáná àti omi inú ike ṣe ń débẹ̀? Ẹ̀yìn ẹran ló ń gbé púpọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yìn èèyàn náà sì ń gbé púpọ̀. Alábàárù á fi okùn pẹlẹbẹ kọ́ ẹrù sí iwájú orí, á tẹ̀ba, á máa gun òkè lọ. Àpò àlejò náà wà nínú ẹrù yẹn. Síbẹ̀, àlejò kan náà á jókòó, á máa kùn pé tíì wọ́n jù.

Ìbéèrè mi rèé: lẹ́yìn tí àlejò bá ti sanwó, ṣé ó tún jẹ alábàárù ní nǹkan kan?

Ẹlòmíì á ní rárá o. Ṣebí iṣẹ́ ni? Owó yẹn ló fi ń bọ́ ọmọ. Bí àlejò ò bá wá mọ́, ebi ni. Òótọ́ ni, mi ò jiyàn. Mi ò sì ní ká máa káàánú rẹ̀, àánú kì í kún ikùn.

Àmọ́ gbèsè méjì ló wà níbẹ̀. Owó ń san ti ẹrù. Ti ìtàn ló kù. Tí àlejò bá délé, á gbé fọ́tò sórí Instagram, á ní, "Èmi nìkan ni mo ṣe é." Ibẹ̀ ni irọ́ ti wọ̀ ọ́. Ọmọ tí a gbé pọ̀n kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 1953, Edmund Hillary àti Tenzing Norgay dé ṣóńṣó Everest. Àwọn alábàárù tó gbé ẹrù ìrìn àjò yẹn lé ní 300. Orúkọ mélòó la mọ̀ nínú wọn?

Kò burú kí èèyàn yangàn. Ẹsẹ̀ rẹ̀ náà rìn. Ṣùgbọ́n kó béèrè orúkọ ẹni tó ru ẹrù rẹ̀, kó má sì ná tíì pa. Tó bá délé, kó má sọ pé "mo gùn ún." Kó sọ pé "a gùn ún." Kò ná an ní kọ́bọ̀, òótọ́ sì ni.