Ta Ló Dúró Tì Í Nígbà Tó Ń Fọwọ́ Síwèé?

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí kò ti orí pẹpẹ wá. Orí pápá básíkẹ́ẹ̀tì ni mo ti gbé e wálé, níhìn-ín ní Lamingo, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí òtútù Jos mú débi pé bí bọ́ọ̀lù bá gbá ènìyàn níka, yóò rántí rẹ̀ títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì yóò fi mọ́.

Ọmọkùnrin kan ló dá àríyànjiyàn sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní dárúkọ ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ wa tàbí ti àwọn tí a jọ ń figagbága. Ilé-ìwé mìíràn ló ti kúrò wá sọ́dọ̀ wa. Kó tó dé ni ìròyìn ti ṣáájú rẹ̀ dé: wọ́n ní ó bá kóòṣì rẹ̀ àtijọ́ jà, wọ́n ní kì í tètè dé ibi ìdánrawò, wọ́n ní ó fi ikọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ láàárín ìdíje. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù! Mo ti rí i tó ju bọ́ọ̀lù láti ọ̀nà jíjìn lẹ́ẹ̀mẹfà, tó wọ inú àwọ̀n lẹ́ẹ̀mẹfà, tí kò tilẹ̀ bojú wẹ̀yìn wò bóyá ẹnikẹ́ni ń pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ kejì ló kọ́kọ́ fún ní ọ̀rọ̀ rẹ̀. Wọ́n ra bàtà fún un. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, nígbà tí ìdíje kù díẹ̀ kó bẹ̀rẹ̀, orúkọ rẹ̀ yọ nínú ìwé tiwa. Ní ìrọ̀lẹ́ tí mo ń sọ yìí, àwa àti àwọn alátìlẹ́yìn wọn pàdé ní pápá, ariwo sì ta. “Ọ̀dàlẹ̀” ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní ẹni tó ba nǹkan jẹ́ níbi tó ti wá, ibo ni yóò dé tí kò ní bà á jẹ́? Àwa náà ń dáhùn pé ọmọdé ni, kí wọ́n fi í sílẹ̀, Ọlọ́run ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ pa mí lẹ́nu mọ́ ni pé ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, nígbà tó wà lọ́dọ̀ wọn, àwa là ń pè é ní oníwàhálà, àwọn ló sì ń sọ pé Ọlọ́run ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ẹnu ló pààrọ̀.

Ọ̀kan nínú wa tó máa ń tẹ̀lé básíkẹ́ẹ̀tì àwọn yunifásítì Amẹ́ríkà ní àwọn òyìnbó ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́. Ó ní láyé àtijọ́, agbábọ́ọ̀lù tó bá yí ilé-ìwé padà níbẹ̀ máa ń jókòó fún ọdún kan kó tó tún gbá bọ́ọ̀lù. Ní 2021 wọ́n gbà pé ó lè yí i padà lẹ́ẹ̀kan láìjókòó. Ní 2024 wọ́n mú iye ìgbà náà kúrò, tó bá ṣáà ti ń ṣe dáadáa nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Òfin lè sọ ọjọ́ tí ènìyàn lè bọ́ sórí pápá. Kò lè sọ ohun tó jẹ ẹni tó ra bàtà fún un.

Bí a ṣe wà lẹ́nu rẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n kan, ọmọ Manchester United paraku, lọgun pé: “Ẹ̀yin Chelsea lẹ kọ́ aráyé ní ìwà yìí! Ṣé ẹ ti gbàgbé Mikel ni?” Kíá, básíkẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀, a bọ́ sórí bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀.

Ní ìlú yìí, kò sí bí a ṣe lè sọ̀rọ̀ ẹni tó yẹ̀ lórí ìwé tó fọwọ́ sí ká má dárúkọ John Obi Mikel. Jos ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ọdún 1987, ó sì gbá bọ́ọ̀lù fún Plateau United kó tó rékọjá sókè òkun. (Orúkọ yẹn pàápàá, àṣìṣe ni. Michael ló yẹ kí wọ́n kọ nígbà ìdíje àwọn ọmọ tí kò ju ọdún 17 lọ ní Finland ní 2003. Wọ́n kọ Mikel, òun náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.) Ẹgbẹ́ Lyn ní ìlú Oslo ní Norway ló wà nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin 2005, tí Manchester United kéde pé ó ti fọwọ́ síwèé àdéhùn láti wá sọ́dọ̀ àwọn. Ẹ ka ọjọ́ náà dáadáa: ọ̀sẹ̀ kan péré ni lẹ́yìn tó pé ọmọ ọdún 18. Wọ́n fún un ní ẹ̀wù, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀. Chelsea ní rárá o, àwọn ti wà lórí ọ̀rọ̀ ọmọ yìí tẹ́lẹ̀. Nínú oṣù Karùn-ún, wọ́n wá Mikel tì ní Oslo. Òtẹ́ẹ̀lì ní London ni wọ́n ti padà gbúròó rẹ̀, òun àti aṣojú rẹ̀, John Shittu. Mikel ní wọ́n fúngun mọ́ òun ni, pé aṣojú òun kò sí nítòsí nígbà tí òun ń fọwọ́ síwèé. Manchester United ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ó di oṣù Kẹfà 2006 kí ọ̀rọ̀ náà tó parí: Chelsea san mílíọ̀nù 12 pọ́n-ùn fún Manchester United, wọ́n san mílíọ̀nù 4 fún Lyn, ọmọ Jos sì wọ ẹ̀wù búlúù.

Àwọn Chelsea tó wà lórí pápá ní tipátipá ni, àdéhùn tipátipá kì í ṣe àdéhùn. Ẹ̀gbọ́n Manchester ní ọmọ ọdún 18 lè dìbò yan ààrẹ, báwo ni kò ṣe ní mọ ohun tó ń fọwọ́ sí? Ẹnì kan wá mú àwíjàre tí gbogbo Chelsea pàtẹ́wọ́ fún: ẹ wo ibi tó já sí! Ife Champions League ní Munich ní 2012, ife ilẹ̀ Áfíríkà ní 2013. Lójú tèmi, àwíjàre tó burú jù nìyẹn nínú gbogbo èyí tí a gbọ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Ká ní ó ṣẹ́sẹ̀ ní oṣù àkọ́kọ́, tí kò sì gbá bọ́ọ̀lù mọ́, ṣé ìwé tó fọwọ́ sí ní Oslo ì bá wá lágbára sí i ni? Ife kì í dáni láre.

Ṣùgbọ́n n kò gba ti ẹ̀gbọ́n Manchester náà tán, nígbà tó ní ẹni tí kò mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ ní ọmọ ọdún 18, kò ní mú un ṣẹ láéláé. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹfà 2018, Mikel yìí kan náà ni balógun Super Eagles nígbà tí a bá Argentina pàdé ní St. Petersburg. Ní wákàtí mélòó kan kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ló gbọ́ pé wọ́n ti jí bàbá òun gbé ní Nàìjíríà. Àwọn ajínigbé ní bó bá sọ fún ẹnikẹ́ni, wọn yóò pa bàbá náà. Kò sọ fún kóòṣì, kò sọ fún àjọ bọ́ọ̀lù, ó jáde, ó sì gbá a títí dé òpin. Argentina fi 2 sí 1 borí wa. Lẹ́yìn náà ni ọlọ́pàá gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ fi ọwọ́ kan tí ènìyàn fi síwèé ní kékeré ka gbogbo ayé rẹ̀, kó ṣírò ọjọ́ yìí náà mọ́ ọn.

Mo padà sí yàrá, n kò lè sùn. Mo ṣí ìwé Jóṣúà orí 9, ibi tí àwọn ará Gíbéónì ti gbé búrẹ́dì tó ti hu àti bàtà àlẹ̀mọ́ wá, tí wọ́n purọ́ pé ọ̀nà jíjìn ni àwọn ti ń bọ̀. (Ẹ wò ó, bàtà wà nínú ìyẹn náà.) Ísírẹ́lì bá wọn dá májẹ̀mú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, òótọ́ hàn. Nípa ti àwọn Chelsea, májẹ̀mú ẹ̀tàn ni, ó yẹ kó fọ́. Àwọn olórí Ísírẹ́lì kò fọ́ ọ. Wọ́n ní àwọn ti fi Olúwa búra. Nígbà tí Sọ́ọ̀lù sì wá pa àwọn ará Gíbéónì lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, ìyàn ọdún mẹ́ta ló mú ilẹ̀ náà láyé Dáfídì. Inú ẹ̀gbọ́n Manchester ì bá dùn. Àmọ́ mo tún ṣí Máàkù orí 6: Hẹ́rọ́dù náà búra, ó sì mú ìbúra rẹ̀ ṣẹ nítorí ojú àwọn àlejò rẹ̀, ohun tó gbé jáde sì ni orí Jòhánù nínú àwo. A jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìbúra tí a mú ṣẹ ló jẹ́ òdodo.

Ohun tí mo rí láàárín àwọn méjèèjì ni pé àwọn olórí Ísírẹ́lì fúnra wọn ló san gbèsè ọ̀rọ̀ ẹnu wọn. Ní orí 10, nígbà tí ọba márùn-ún dojú kọ Gíbéónì, Jóṣúà fi gbogbo òru rìn láti lọ gbèjà àwọn tó tàn án jẹ. Hẹ́rọ́dù ní tirẹ̀, ẹlòmíràn ló fi sanwó. Bóyá ìbéèrè tó yẹ ká máa bi ara wa nìyẹn, bóyá ẹnì kan pa àdéhùn mọ́ ni o, bóyá ó yẹ̀ ẹ́ ni o: ta ló ń sanwó rẹ̀? Wọ́n san mílíọ̀nù 16 pọ́n-ùn lórí ọ̀rọ̀ Mikel. Ta ló sanwó bàtà ọmọkùnrin wa?

Ó ku ẹsẹ kan nínú orí 9 yẹn tí kò jẹ́ kí n ti Bíbélì pa. Níbẹ̀ la ti kà pé àwọn ọkùnrin Ísírẹ́lì gba oúnjẹ àwọn àlejò náà, wọn kò sì béèrè lọ́wọ́ Olúwa.

Ẹ̀yin ará, èmi ni akọ̀wé ikọ̀ wa. Èmi àti ẹni méjì la lọ bá ọmọkùnrin náà ní yàrá rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́. A gbé ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù dání. Yorùbá ni bíi tèmi, mo sì ṣáájú rẹ̀ nílé-ìwé. Ó ní: “Bọ̀dá, mo ti fún àwọn yẹn ní ọ̀rọ̀ mi.” Mo ní mo mọ̀. Mo ní mo ti gbàdúrà nípa rẹ̀, Ọlọ́run sì fi hàn mí pé ọ̀dọ̀ wa ló fẹ́ kó wà, nítorí pé ọmọ fẹ́lóṣíìpù ló pọ̀ nínú ikọ̀ wa, ayé rẹ̀ yóò sì tò. Ó wò mí. Ó ní: “Ṣé Ọlọ́run ló sọ bẹ́ẹ̀?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí iná mànàmáná lálẹ́ ọjọ́ náà, torí náà èmi ni mo fi fóònù mi tanná fún un tó fi rí ibi tó máa fọwọ́ sí.

N kò gbàdúrà kankan. Àwọn olórí Ísírẹ́lì kò béèrè, wọn kò sì sọ pé àwọn béèrè. Èmi ni mo fi orúkọ Ọlọ́run ṣe èyí tí ìrẹsì nìkan kò lè ṣe, tí mo sì tún wá dúró lórí pápá tí mò ń gbèjà rẹ̀ bí ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ó gbá eré méjì fún wa. Ó pẹ́ dé sí ìkẹta, balógun wa yọ ọ́, àwọn tó ní Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀ sì ní àwọn ti mọ̀ pé bí yóò ṣe rí nìyẹn. Ní àárọ̀ Sátidé kan, mo lọ dúró dè é lọ́nà ìdídò Lamingo, níbi tó ti máa ń sáré. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: pé n kò gbàdúrà, pé irọ́ ni mo pa. Ó mí fún ìgbà díẹ̀ kó tó fèsì.

Ó ní: “Mo mọ̀, Bọ̀dá. Mo mọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó ti wù mí kí n wá sọ́dọ̀ yín tẹ́lẹ̀, mo kàn ń wá ẹni tó máa bá mi gbé ẹ̀bi rẹ̀ ni.”

N kò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn. Mo bi í léèrè nípa bàtà. Ó ní ó ti gbó. A da owó pọ̀ lọ́sẹ̀ náà, èmi ìdajì, òun ìdajì, a sì jọ lọ bá balógun ikọ̀ kejì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì rẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín, kò sì bú wa. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi í sápò, ó ní ó ku 3,000 náírà.